Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá: ìgbà wo ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í gun pákó?

BàbáKòkànyín (Ìbàdàn), Ọjọ́ Ajé

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin alájá. Mo ní ọmọ ajá kan, abo ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló pé lánàá. German Shepherd ni ìyá rẹ̀. A ò mọ bàbá, àmọ́ ojú ọmọ náà jọ ti ekuke kan tó máa ń sùn níwájú ìsọ̀ alápatà àdúgbò wa. Màmá mi ló sọ ọ́ ní Kòkànyín. Ẹ má bi mí ta ni wọ́n ń bá wí. Ayálégbé wa tó wà lókè ti mọ ara rẹ̀.

Ohun tó gbé mi wá rèé. Mo rí fídíò àwọn ajá ìlú òyìnbó tó ń gba inú ihò aláṣọ kọjá, tó ń fo ọ̀pá, tó ń gun pákó gíga sọ̀ kalẹ̀, tí olówó wọn sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Agility ni wọ́n ń pe eré yẹn. Ó wọ̀ mí lójú. Mo gba ọ̀dọ̀ káfíńtà lọ ní Sátidé, ó kan pákó méjì forí tira fún mi bí òrùlé ilé, ó ga tó àyà mi. Lánàá, mo gbé ọmọ ajá sí téńté orí rẹ̀. Ó gbọ̀n, ó tọ̀ sórí pákó, kí n tó na ọwọ́ ó ti bẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti ń tiro. Ẹsẹ̀ iwájú, ti òsì. Bí mo bá sì gbé e dé ẹ̀yìnkùlé, á jókòó pa, kò ní súnmọ́ ibi tí pákó yẹn wà.

Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni? Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀?

DókítàẸran (Abẹ́òkúta), Ọjọ́ Ajé

Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ gbé e lọ fún dókítà ẹran lónìí kí wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ má fún un ní paracetamol tàbí ibuprofen tó wà nílé o. Oògùn èèyàn wọ̀nyẹn ti pa ọ̀pọ̀ ajá.

Ìdí tí mo fi ń kánjú ni pé egungun ọmọ ajá ò tíì gan. Níbi ìkangun egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, apá kan wà tó rọ̀ bí egungun etí. Ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn sí i. Tí ibẹ̀ bá ṣèṣe, ẹsẹ̀ lè wọ́ bí ajá ṣe ń dàgbà. Ti ajá kékeré máa ń gan tán kó tó pé ọdún kan, àmọ́ ajá tó máa tóbi bíi tiyín yìí lè gbà tó oṣù 12 sí 18. Títí dìgbà yẹn, kò sí bíbẹ́ láti orí nǹkan gíga, kò sí fífo ọ̀pá, kò sì sí eré àsápajúdé lórí táìsì tó ń yọ̀.

Ti ẹ̀rù tó bà á, ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú ju ẹsẹ̀ lọ. Ohun tó bá dáyà já ọmọ ajá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mọ́kànlá máa ń pẹ́ kó tó kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹ gbé pákó yẹn kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára mélòó ló ti gbà?

BàbáKòkànyín, Ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́

A ti dé, dókítà. Egungun ò ṣẹ́, iṣan ló fà. Wọ́n ní kó sinmi fún ọjọ́ méje. Abẹ́rẹ́ ọ̀kan ló ti gbà, nígbà tó wà ní ọ̀sẹ̀ méje. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti parí.

DókítàẸran, Ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́

Kò parí o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń tún un gún, títí ó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa wọlé nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta. Parvo, àrùn ajá tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Àrùn yẹn ń gbé inú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ajá tó ní in ti kú. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ ìta tàbí etí gọ́tà ní báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má tì í mọ́lé náà. Ọmọ ajá tí kò bá rí ayé títí ọ̀sẹ̀ 14 tàbí 16, ohun gbogbo ló máa dẹ́rù bà á. Ẹ gbé e lé apá, ẹ dúró ní ẹnu géètì. Ẹ jẹ́ kó wo ọ̀kadà, kó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àti ìró ẹ̀rọ ìlọta, kó rí oníhíjáàbù, kó rí ọmọ iléèwé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó.

Ìyáalájọ (Ìkòròdú), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ajá ń gun pákó. Ayé ti yí.

ÀdùnníLeeds, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Èmi náà ṣe irú rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ajá, àga ìjókòó ni tèmi ṣá. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń mú un lọ sí ẹgbẹ́ kan nítòsí Leeds níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Níbi Crufts, ìdíje ajá ńlá kan níbí, lọ́dún 1978 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré yìí níṣojú èrò, ní gbọ̀ngàn Olympia ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń wá nǹkan tí àwọn èèyàn á máa wò láàárín ìdíje kan sí èkejì. Ni John Varley, ọ̀kan lára ìgbìmọ̀ Crufts, àti Peter Meanwell, tó mọ ajá kọ́, bá wo eré ẹṣin tó ń fo ọ̀pá, wọ́n gbé e wọ ajá. Àmọ́ ajá tó ti gbọ́n ni wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Títí dòní, Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ajá nílẹ̀ yìí, ò ní jẹ́ kí ajá díje tí kò bá tíì pé oṣù 18. Oṣù 15 ni AKC, irú ẹgbẹ́ kan náà ní Amẹ́ríkà, ń gbà. Nítorí náà, ọjọ́ ṣì wà níwájú yín dáadáa.

Nínú kíláàsì ọmọ ajá wa, kò sí nǹkan tó ga ju kókósẹ̀ èèyàn lọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú wa ni àkàbà, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí koríko. Ajá máa rìn láàárín àwọn igi rẹ̀. Mo rò pé eré ọmọdé ni. Ajá mi gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kọjá igi àkọ́kọ́, ó dúró, ó wẹ̀yìn bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ há sẹ́nu ọkọ̀. Kò mọ̀ pé òun ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn! Ọmọ ajá púpọ̀ ni kò mọ̀. Ibi tó bá gbé orí gbà ni, ìdí rẹ̀ á wọ́ tẹ̀ lé e. Àkàbà yẹn ló ń kọ́ ọ pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún un, òun ló sì ń gbà á sílẹ̀ lórí pákó tóóró lọ́jọ́ iwájú.

Lẹ́yìn àkàbà, oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹ̀: ẹní, ọ̀rá tó ń dún, tìmùtìmù, àwo páànù. Wọ́n gbé kóònù ike kan sílẹ̀ kó yí i po. Wọ́n tẹ́ ọ̀pá sílẹ̀ kó gba orí rẹ̀ rìn kọjá, kì í ṣe kó fò ó. Ìyókù, ìgbọràn lásán ni: jókòó, dúró, wá, kó sì fi imú kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ nígbàkigbà tó o bá nà án sí i. Ìyẹn ni wọ́n máa fi ń darí rẹ̀ nígbà tó bá ń sáré.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kó tó sú u ni kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró.

Àti pé, ẹ̀gbọ́n, Kòkànyín gùn jù. Ẹ ké e kúrú. Orúkọ tí ajá máa gbọ́ látòkèèrè, sílébù méjì ló yẹ kó jẹ́.

BàbáKòkànyín, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Lánàá mo dúró sẹ́yìnkùlé, mò ń pariwo "Kòkànyín! Kòkànyín, mo ní kó o wá!" Ayálégbé yẹn yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe?"

A ti ń pè é ní Kòkó.

ỌmọỌdẹ (Ìsẹ́yìn), Ọjọ́rú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ jẹ́ kí àwa tá a wà nílé náà sọ tiwa. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi. Ajá wọn kì í dín ní mẹ́rin. N kò rí i kí wọ́n gbé ọmọ ajá sórí nǹkan rí, ìyẹn ni mo fara mọ́. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó máa tẹ̀ lé, wọ́n á so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tó wà nínú igbó. Fèrè sì rèé: gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ sílẹ̀, bàbá á fun fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí fèrè, kò sí oúnjẹ. Nígbà tí ọmọ ajá bá fi pé oṣù mẹ́fà, ibi yòówù kó wà, bó bá ti gbọ́ fèrè, ó ti ń bọ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bàbá sọ pé ọ̀pọ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fun fèrè fún un nígbà tí ebi ń pa á.

Ṣùgbọ́n pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ o. Ajá tí kò bá mọ pàṣán kò mọ olówó rẹ̀.

ÀdùnníLeeds, Ọjọ́rú

Ẹ ṣeun, bàbá. Ti fèrè yẹn, màá jí i lò. Ohun kan náà ni wọ́n kọ́ wa níbí, tiwọn kàn jẹ́ ike.

Ti pàṣán, ẹ jọ̀ọ́, n kò fara mọ́ ọn. Ajá tó ń bẹ̀rù ọwọ́ yín máa ń dúró jìnnà sí ọwọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ yẹn lẹ máa fi darí rẹ̀ gba inú tọ́nẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ihò aláṣọ yẹn. Bó bá ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ wí pé "ó káre" lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dọ̀ màlúù bíbọ̀ lé e. Bí kò bá ṣe é, kò sí ẹ̀dọ̀.

Ìyáalájọ, Ọjọ́rú

Ẹ̀dọ̀ màlúù! Èmi tí mò ń fi pọ̀nmọ́ ti ẹ̀bà.

DókítàẸran, Ọjọ́rú

Màmá, ègé kọ̀ọ̀kan ò tó ẹyọ ẹ̀wà kan o. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n fi owó kékeré rà máa tó lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹran ara panla bíbọ̀ tí wọ́n ti yọ eegun rẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ látinú ọbẹ̀: àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kò sí ṣokoléètì, kò sì sí eegun adìyẹ sísè.

PákóLọ̀gá (Òṣogbo), Ọjọ́bọ̀

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, n kò sin ajá, àmọ́ ọ̀rọ̀ pákó dùn mọ́ mi. Bàbá, ẹ má sọ òrùlé yẹn nù. Ẹ tú ìdè orí rẹ̀, ẹ tẹ́ pákó kan sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà, kí ọ̀dà tó gbẹ, ẹ bu yanrìn wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ ti jọ̀ sórí rẹ̀. Kò ní yọ̀ mọ́. Nígbà tó bá ń rìn ín láìbẹ̀rù, ẹ fi ègé pákó gbé orí kan sókè ní ìka méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìka mẹ́rin.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe jangílọ́fà, ọ̀pá roboto tó sanra tó àtàǹpàkò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sábẹ́ pákó kúkúrú. Ẹ gé fóòmù ògbólógbòó mọ́ ìsàlẹ̀ orí méjèèjì. Gbàmù yẹn ló máa ń lé ajá sá, kì í ṣe yíyí tó ń yí.

BàbáKòkànyín, Ọjọ́bọ̀

Ọ̀gá káfíńtà, ẹ wá gba owó yín. Dúrọ́ọ̀mù ńkọ́? Mo ní ọ̀kan tí mo fẹ́ fi ṣe tọ́nẹ́ẹ̀lì.

PákóLọ̀gá, Ọjọ́bọ̀

Kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Bó bá jẹ́ kẹ́míkà, ẹ gbàgbé rẹ̀. Bó bá jẹ́ òróró, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà gé ìdí àti orí rẹ̀. Ẹnu tí wọ́n gé yẹn mú ju abẹ lọ: ẹ la rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó ní àárín, ẹ fi bo ẹnu náà yíká. Ẹ fi àpò yanrìn tì í lápá méjèèjì kó má yí. Kẹ́ ẹ sì gbé e sí abẹ́ igi. Irin tó gba oòrùn ọ̀sán, ẹ̀yin gan-an ò ní fẹ́ wọnú rẹ̀.

ÀdùnníLeeds, Ọjọ́bọ̀

Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 ò jìnnà sí tọ́nẹ́ẹ̀lì gidi rárá. Tọ́nẹ́ẹ̀lì ìdíje fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, dúrọ́ọ̀mù fi díẹ̀ kéré sí i. Ẹ ò nílò ju ọ̀kan lọ fún ọmọ ajá, kó lè máa rí ojú yín lódìkejì.

BàbáKòkànyín, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Mo ti padà dé. Kò tiro mọ́. Ó ti gba abẹ́rẹ́ kejì àti ti dìgbòlugi.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn dúrọ́ọ̀mù. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé e sílẹ̀, n kò sọ nǹkan kan, mo jókòó tì í mò ń tẹ fóònù. Kòkó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbó o. Dúrọ́ọ̀mù dá a lóhùn látinú, ló bá fẹsẹ̀ fẹ. Ọjọ́ kejì, mo fi ẹ̀dọ̀ kan sí ẹnu rẹ̀, ó na ọrùn gùn bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ó mú un, ó sá. Ọjọ́ kẹta, mo fi síbẹ̀, mo fi sí àárín. Ọjọ́ kẹrin, èmi fúnra mi dọ̀bálẹ̀ lódìkejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń pè é ní ohùn jẹ́jẹ́. Mo rí ojú rẹ̀ lókèèrè. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé e jáde. Ó gbé e wọlé padà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ èékánná rẹ̀, kọ́-kọ́-kọ́-kọ́ lára irin, imú tútù sì kàn mí níwájú orí. Mo kígbe débi pé màmá mi sáré jáde, wọ́n rò pé ejò ni.

Ìṣòro tó kù: ó ń gé wa jẹ. Kókósẹ̀, etí ṣòkòtò, ìka màmá. Bó bá ti di nǹkan bí aago méje alẹ́, ó di wèrè.

DókítàẸran, ọjọ́ kan náà

Oorun ni kò tó o. Ọmọ ajá máa ń sùn tó wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ wèrè, ẹ gbé e sí ibi òkùnkùn tó tutù, á sùn kẹ́ ẹ tó ka ọgọ́rùn-ún. Eyín rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ láti oṣù mẹ́rin. Ẹ rẹ aṣọ inura ògbólógbòó sómi, ẹ ta á ní kókó, ẹ fi sínú fìríìsà. Bó bá gé yín jẹ, ẹ má pariwo, ẹ dìde kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Ariwo dùn mọ́ ọn.

ỌmọỌdẹ, ọjọ́ kan náà

Ẹ kú oríire dúrọ́ọ̀mù. Pàṣán, a ò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Àmọ́ ọmọkùnrin mi ti gba ọmọ ajá kan, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án, fèrè nìkan lòun máa lò. Mò ń wò ó.

BàbáKòkànyín, oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn

Kòkó ti pé oṣù mẹ́fà ó lé díẹ̀. Ó ń rin pákó tó ga ní ìka mẹ́rin lọ bọ̀. Ọ̀pá fífò ṣì wà nílẹ̀, n kò gbé e sókè rárá; dókítà, ẹ fọkàn balẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la ń ṣe tiwa, kí oòrùn tó mú. Ìbéèrè mi: nínú fídíò, apá ìsàlẹ̀ pákó yẹn máa ń ní àwọ̀ ọ̀tọ̀. Kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ọ̀pá tóóró tí ajá ń lọ́ gba àárín wọn náà ńkọ́?

ÀdùnníLeeds, ọjọ́ kan náà

Ọ̀pá lílọ́, ẹ jẹ́ kó pé ọdún kan ó kéré tán, ó ń yí ẹ̀yìn ajá púpọ̀. Wọ́n lè tó 12 nínú ìdíje, ajá mi gan-an ṣì máa ń fo ìkẹwàá.

Àwọ̀ yẹn, yẹ́lò ni wọ́n sábà máa ń lò. Ó kéré tán, ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ kàn án kí ajá tó kúrò lórí pákó, kó má baà máa bẹ́ sílẹ̀ látòkè bí Kòkó ṣe ṣe lọ́jọ́sí. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn báyìí, kò nílò gíga. Ẹ fi ìdérí ike sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ pákó, ẹ̀dọ̀ kan lórí rẹ̀. Kó sọ̀ kalẹ̀, kó dúró, ẹsẹ̀ iwájú méjì nílẹ̀, ti ẹ̀yìn méjì lórí yẹ́lò. Ibẹ̀ ni kó ti máa jẹun.

BàbáKòkànyín, ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà

Mo kun yẹ́lò. Ó ń sáré kọjá orí ìdérí bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Ó ti sú mi.

Lónìí, mo ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìnkùlé: "Kòkó, ó yá!" Mo yọjú. Ayálégbé òkè ni. Ó di ẹ̀dọ̀ sínú ọ̀rá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú pákó. Kòkó gba inú dúrọ́ọ̀mù, ó gun pákó, ó sọ̀ ọ́, ó dúró gbọin. Màmá mi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń wò wọ́n, wọn ò sọ nǹkan kan.

ÀdùnníLeeds, ọjọ́ kan náà

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ńkọ́? Ṣé ó wà lórí yẹ́lò?

BàbáKòkànyín, ọjọ́ kan náà

Méjèèjì.